Ìjọba ní òun ń ṣèwádìí: kí la ó fi mọ̀ pé òótọ́ ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, agbẹjọ́rò wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá kan níhìn-ín ní Kàdúná. Láti ìgbà tí dróònù àwọn ológun ti ju bọ́ǹbù sí Tudun Biri lọ́dún 2023, kò sí ìpàdé tí a ṣe tí ọ̀rọ̀ náà kì í jẹ yọ. Àwọn kan nínú wa ní ìjọba ti tọrọ àforíjì, ó ti ní òun á ṣèwádìí, kí la tún ń wá. Àwọn yòókù ní ìwádìí ìjọba kì í débì kan, ẹ jẹ́ ká kúkú kọ̀wé sí ICC, ilé ẹjọ́ àgbáyé tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn ogun, ní The Hague nílẹ̀ Netherlands. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé: bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ ogun pé wọ́n rú òfin àgbáyé, tí ìjọba sì ní òun ń ṣèwádìí, kí ló yẹ ká wò láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Ṣé irú wa lè kọ̀wé sí ICC? Àbí a ní láti dúró kí ìjọba parí tirẹ̀ ná?

ÌDÁHÙN

Akọ̀wé wa, ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó yá. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ̀wé sí ICC. Ẹ ò nílò lọ́yà, ẹ ò ní san kọ́bọ̀, kò sì sí òfin tó ní kí ẹ dúró de ìjọba. Àmọ́ kéèyàn kọ̀wé yàtọ̀ sí kí wọ́n rí nǹkan fi ìwé náà ṣe. Ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ló máa sọ bóyá wọ́n á rí nǹkan fi ṣe, torí náà ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

Fún àwọn tí kò gbé lágbègbè yín: abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi ni Tudun Biri. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn ará abúlé náà kóra jọ, wọ́n ń ṣe Máólúdì. Dróònù àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ju bọ́ǹbù lù wọ́n. Àwọn èèyàn sáré wá gbé òkú àti àwọn tó fara pa, ni bọ́ǹbù kejì bá tún bọ́ lu àwọn náà. NEMA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ka òkú 85. Amnesty International, àjọ àgbáyé tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní wọn ò dín ní 120. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ nígbà náà, Olóògbé Taoreed Lágbájá, ọmọ Ìlobùú ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti dé abúlé náà tó sì tọrọ àforíjì. Igbákejì Ààrẹ, Kashim Shettima, lọ síbẹ̀. Ààrẹ Tinúbú pàṣẹ pé kí wọ́n ṣèwádìí. Agbẹnusọ àwọn ológun ṣàlàyé pé àwọn tó ń ṣọ́ òfuurufú rí èrò, bí wọ́n sì ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ló jẹ́ kí wọ́n rò pé agbébọn ni wọ́n. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2024, iléeṣẹ́ ológun kéde pé méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa fojú ba kóòtù ológun.

Ká sọ tòótọ́, nínú gbogbo èsì tí ìjọba wa ti fún irú ẹ̀sùn báyìí láti ọdún pípẹ́, èyí wà lára àwọn tó dáa jù. Wọn ò sẹ́. Wọn ò ní agbésùnmọ̀mí ni àwọn òkú náà. Àwọn tó ń sọ nínú ìpàdé yín pé kí la tún ń wá kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ibi tí èmi àti wọn ti yapa ni pé àforíjì kì í ṣe ìdáhùn sí ẹ̀sùn lábẹ́ òfin, ìkéde pé ẹjọ́ ń bọ̀ kì í sì í ṣe ẹjọ́.

Òfin ogun, èyí tó wà nínú àwọn Àdéhùn Geneva ti ọdún 1949 àti àwọn àfikún tí Nàìjíríà wọ̀ ní 1988, kò sọ pé ará ìlú kankan kò gbọdọ̀ kú níbi tí ogun bá ti ń jà. Ohun tó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gágun ni pé kó ya ẹni tó ń jà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò jà. Kó má ṣe ìkọlù tí àdánù rẹ̀ lórí ará ìlú máa pọ̀ ré kọjá àǹfààní tó fẹ́ rí lójú ogun. Kó sì ṣọ́ra ṣáájú, kó yẹ ohun tó fẹ́ kọlù wò dáadáa, kó dáwọ́ dúró ní kété tó bá rí i pé kì í ṣe ohun tí òun rò ni. Orí ìṣọ́ra yìí ni ìwádìí gidi máa ń dá lé, òun náà sì ni àwọn ìkéde ìjọba kì í fẹ́ fọwọ́ kàn.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ìwà ọ̀daràn ogun, irú èyí tí wọ́n lè torí rẹ̀ gbé èèyàn lọ sí The Hague, ní láti ní èrò nínú. Ẹni náà ní láti mọ̀ pé ará ìlú ni wọ́n, kó sì kọlù wọ́n bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí agbẹnusọ ológun bá ti sọ pé àṣìṣe ni, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọ̀gá rẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀sùn tó wúwo jù, kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n kò gbé ìjọba kúrò lábẹ́ ẹ̀sùn pé kò ṣọ́ra, kò sì gbé e kúrò lábẹ́ owó tó yẹ kó san fún ẹni tó fara gbá a. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìjọba máa ń dáhùn ọ̀kan, ó sì máa ń ṣe bíi pé òun ti dáhùn méjèèjì.

Ní ti Tudun Biri, bọ́ǹbù kejì ni mo máa ń ronú lé. Ẹ jẹ́ ká gbà pé wọ́n ṣi àkọ́kọ́ jù. Láàárín ìkíní sí ìkejì, kí ni ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ rí? Ẹni tó ń sá wá gbé òkú, ṣé ìrìn agbébọn ló ń rìn? Ta ni wọ́n pè kí wọ́n tó tún jù ú? Ta ló ní kí wọ́n jù ú? Àwòrán tí dróònù yà wà níbì kan, àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ náà wà níbì kan. Ìwádìí tó bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, kódà tó bá ní kò sí ọ̀daràn nínú wọn, ìwádìí ni. Èyí tó bá kàn sọ pé wọ́n ṣe àṣìṣe, ohun tí agbẹnusọ ti sọ tẹ́lẹ̀ náà ló tún sọ.

A ti rí irú rẹ̀ rí ní Rann, ní Ìpínlẹ̀ Borno. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ọkọ̀ òfuurufú ológun ju bọ́ǹbù sí àgọ́ ogunléndé tó wà níbẹ̀. Àjọ oníṣègùn MSF, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣírò òkú sí nǹkan bí 90. Mẹ́fà nínú àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross ilẹ̀ wa kú sí i. Ààrẹ Buhari ní àṣìṣe tó bani nínú jẹ́ ni. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà kalẹ̀ láti wádìí. Ní oṣù Keje, wọ́n sọ àbájáde rẹ̀ fún àwọn oníròyìn: wọn ò sàmì sí ibẹ̀ lórí máàpù pé àgọ́ ogunléndé ni. Ó parí síbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ òfin á rí i pé ibi tó yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀ ló parí sí. Rann kì í ṣe inú igbó tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń gbébẹ̀, àwọn sójà wa fúnra wọn wà níbẹ̀, kódà sójà wà lára àwọn tí bọ́ǹbù náà ṣe léṣe. Báwo ni ibi tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ń gbé kò ṣe sí lórí máàpù àwọn ọmọ ogun òfuurufú? Iṣẹ́ ta ni láti fi í síbẹ̀? Bí ẹnì kan kò bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìjìyà wo ló jẹ? Ìdáhùn wọn gbé ẹ̀bi lé máàpù lórí. Máàpù kò sì ní orúkọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò nìyẹn: ṣé orúkọ wà níbẹ̀? Mi ò sọ pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn náà ní ẹ̀tọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ìwádìí náà máa lọ sọ́dọ̀ èèyàn, kó sì máa gun òkè lọ. Òfin ICC mú ọ̀gá tó yẹ kó mọ ohun tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń ṣe, tí kò dá wọn dúró, tí kò sì fìyà jẹ wọ́n lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n bá ní àwọn méjì máa lọ sí kóòtù ológun, ẹ béèrè ipò tí wọ́n wà. Ẹni tó tẹ bọ́tìnì ni, àbí ẹni tó pàṣẹ pé kó tẹ̀ ẹ́?

Ìtàn wa kún fún ìjìyà tó dúró sórí ẹni tó tẹ bọ́tìnì. Lákòókò ogun abẹ́lé, ní ọdún 1968, ọ̀gágun kékeré kan yìnbọn pa ẹni tí wọ́n ti mú, tí kò ní ohun ìjà lọ́wọ́, lójú kámẹ́rà àwọn oníròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba Gowon dá a lẹ́jọ́, wọ́n sì yìnbọn pa òun náà ní gbangba. Ayé rí i pé ìjọba Nàìjíríà kò gba gbẹ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó ṣáájú, ní oṣù Kẹwàá 1967, àwọn ọmọ ogun ìjọba ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin ní Asaba. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀. Ìjọba náà tún ṣe ohun kan lọ́dún 1968 tí ìjọba púpọ̀ kò jẹ́ ṣe: ó pe àwọn alákìíyèsí láti Britain, Canada, Sweden àti Poland, pẹ̀lú aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ti ilẹ̀ Áfíríkà, pé kí wọ́n wá wò ó bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń pa ìran Ìgbò run. Wọ́n wò ó, wọ́n ní àwọn ò rí i bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1968 ni wọ́n dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Asaba ti lé ní oṣù mẹ́wàá nígbà náà. Nítorí náà, bí ìjọba bá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ẹ ka ìwé àṣẹ tí ó fún wọn: láti ọjọ́ wo dé ọjọ́ wo? Ibo àti ibo? Wọ́n lè ṣe òtítọ́ pátápátá níbi tí wọ́n rán wọn sí, kí òtítọ́ náà má sì kan ibi tí òkú wà.

Ohun kejì ni ẹni tó ń wádìí. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Amnesty gbé ìròyìn kan jáde pé àwọn ọkùnrin àti ọmọkùnrin tó lé ní 7,000 ló ti kú sí àtìmọ́lé àwọn ológun ní ìlà-oòrùn àríwá láti oṣù Kẹta ọdún 2011, pé wọ́n sì ti pa àwọn mìíràn tó lé ní 1,200 láìbófinmu. Wọ́n dárúkọ àwọn ọ̀gágun àgbà. Nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bárékè Giwa ní Maiduguri wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2014, Boko Haram kọlu bárékè náà, wọ́n tú àwọn tó wà látìmọ́lé sílẹ̀. Amnesty ní àwọn sójà tún mú púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì pa àwọn tó lé ní 600, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ohun ìjà lọ́wọ́. Lọ́dún 2017 ni olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, Tukur Buratai, gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì ṣolórí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní àwọn ò rí ẹ̀rí pé wọ́n pa ẹnikẹ́ni láìbófinmu ní Giwa. Wọ́n gbà pé àtìmọ́lé náà kún jù, pé ibẹ̀ kò sì mọ́. Ilé tó kún jù kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀wọ̀n.

Bóyá nítorí pé èyí kò tẹ́ èèyàn lọ́rùn ni, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ń ṣe adelé Ààrẹ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó gbé ìgbìmọ̀ mìíràn kalẹ̀, adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, Biobele Georgewill, sì ni alága rẹ̀. Èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Adájọ́ ni alága, wọ́n jókòó ní gbangba, wọ́n dé Maiduguri, Enugu, Port Harcourt, Èkó àti Kàdúná yín níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n wá ọmọ wọn tì jáde wá sọ tẹnu wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, wọ́n gbé ìwé àbájáde fún ìjọba. Ìjọba kò tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ohun kẹta nìyẹn, òun ló sì dùn mí jù: ṣé ìwé náà jáde? Ìyá tó gun mọ́tò wá jẹ́rìí kò lè ka ohun tí wọ́n kọ nípa ọmọ rẹ̀. Lójú tèmi, ìwé àbájáde tí a fi pa mọ́ burú ju kí wọ́n má ṣe ìwádìí rárá lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ìjọba lè sọ pé òun ti ṣe é. Àwọn ẹlẹ́rìí ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò sì ní fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ má rò pé ohun tí mò ń sọ ni pé ìwádìí tó bá dá ológun láre, irọ́ ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, iléeṣẹ́ ìròyìn Reuters kọ ọ́ pé àwọn ológun ti ṣẹ́ oyún tí kò dín ní 10,000 ní bòókẹ́lẹ́ fún àwọn obìnrin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Boko Haram. Àwọn ológun sẹ́ kanlẹ̀. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, NHRC, gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Abdu Aboki tó ti fẹ̀yìn tì nílé ẹjọ́ gíga jù lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, wọ́n ní àwọn ò rí ẹ̀rí irú ètò bẹ́ẹ̀. Reuters dúró lórí ìròyìn tirẹ̀. Mi ò ní dá ẹjọ́ náà níbí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìgbìmọ̀ yìí kì í ṣe ti ológun, ó jókòó ní gbangba, ó sì sọ àbájáde rẹ̀ síta, èèyàn sì lè bá a jiyàn. Ohun tó wà nílẹ̀ la lè bá jiyàn.

Wàyí o, ICC. Nàìjíríà wọ Àdéhùn Róòmù tó dá ilé ẹjọ́ náà sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ICC kì í ṣáájú. Bí orílẹ̀-èdè bá ń ṣe ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ lóòótọ́, ICC ní láti fà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ìjọba fi máa ń sáré kéde ìgbìmọ̀: apata ni. Láti ọdún 2010 ni ọ́fíìsì olùpẹjọ́ ti ń yẹ ọ̀rọ̀ Boko Haram àti àwọn ológun wa wò. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni Àbújá fi ń kó ìwé ránṣẹ́ sí wọn, pé ẹ wo ẹjọ́ tí a ń ṣe. Ẹjọ́ sì wà lóòótọ́. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2017, wọ́n dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún afurasí Boko Haram lẹ́jọ́ ní bárékè kan ní Kainji. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2020, olùpẹjọ́ ìgbà náà, Fatou Bensouda, sọ ibi tí òun já sí: ìdí tó tó wà láti gbà pé Boko Haram hùwà ọ̀daràn ogun, ìdí tó tó sì wà láti gbà pé àwọn ọmọ ogun ìjọba náà hù ú, ìpànìyàn, ìfìyàjẹni, ìfipábánilòpọ̀, gbígbé èèyàn pamọ́. Ní ti àwọn ológun, ó ní ohun tí wọ́n sọ fún òun ni pé àwọn ti yẹ ẹ̀sùn náà wò, àwọn sì ti dà á nù. Kò sí ẹjọ́ kankan nínú èyí tí ìjọba fi hàn án tó kan irú ìwà tàbí irú èèyàn tí òun fẹ́ wádìí.

Ẹ rí i pé òṣùwọ̀n yẹn le. Kò bi wọ́n pé ṣé ẹ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ó bi wọ́n pé ṣé èèyàn yìí gan-an, lórí ìwà yìí gan-an, ni ẹ ń bá ṣẹjọ́. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí ẹ̀yin náà máa lò nínú ìpàdé yín.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Ẹ̀yìn ìkéde yẹn, ó kù kí olùpẹjọ́ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn adájọ́ kí ìwádìí gidi tó bẹ̀rẹ̀. Karim Khan tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ wá sí Nàìjíríà lọ́dún 2022, igbákejì rẹ̀ wá lọ́dún 2024, síbẹ̀ títí ọdún náà fi parí, wọn ò tíì gba àṣẹ náà. Bensouda fúnra rẹ̀ ti sọ pé owó àti òṣìṣẹ́ kò tó. Ìṣòro mìíràn sì wà tó kan ti yín gan-an. Ogun Boko Haram ni ICC ń yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ agbébọn ní Kàdúná àti Zamfara, àríyànjiyàn ṣì wà láàárín àwa amòfin bóyá ogun ni òfin máa pè é, torí pé àwọn ẹgbẹ́ náà kò ní olórí kan tàbí ètò kan pàtó bíi ti Boko Haram. Bí kò bá sí ogun lójú òfin, kò sí ìwà ọ̀daràn ogun. Lẹ́tà yín sí The Hague lórí Tudun Biri lè kọsẹ̀ níbẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Lẹkí lọ́dún 2020, níbi tí sójà ti yìnbọn níbi ìwọ́de, àti ti Zaria lọ́dún 2015, níbi tí sójà ti pa àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Shíà: ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo ni, ṣùgbọ́n òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ló mú un dáadáa ju òfin ogun lọ. Mo máa ń rí i tí àwọn èèyàn ń pariwo ICC lórí ohun tí kóòtù tó wà ní òpópónà wọn lè gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé. Ẹ̀tọ́ láti wà láàyè wà nínú òfin Nàìjíríà ọdún 1999, ní abala 33. Ìlànà ọdún 2009 lórí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ọjọ́ kì í kọjá lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti pẹ́ jù. Ìlànà náà tún gbà kí ẹgbẹ́ gbé ẹjọ́ lọ nítorí ẹlòmíràn, kì í ṣe mọ̀lẹ́bí òkú nìkan. Kóòtù ECOWAS tó wà ní Àbújá náà máa gbọ́ ti yín láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ lọ sí kóòtù nílé. Kò lè fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n o, ìjọba ló ń bá ṣẹjọ́, owó gbà-má-bínú ló sì máa ń ní kí wọ́n san. Ìjọba wa kì í yára san án. Síbẹ̀, ìdájọ́ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ìwé tí ẹnikẹ́ni lè tì mọ́ àpótí. Àjọ NHRC ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ ọ́ sí wọn, kí ẹ sì gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n rí i gbà.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ sí ICC náà, ẹ kọ ọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á báyìí, lórí ibi tí wọ́n ń pè ní OTPLink. Ìwà ọ̀daràn ogun kì í pẹ́ jù lọ́dọ̀ wọn, kìkì pé wọn ò lè wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2002. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ìbínú kún inú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi, ohun tí ẹni tó wà níbẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí, kí ẹ ya èyí tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn sọ́tọ̀. Bí fọ́tò bá wà, èyí tó wà lórí fóònù tí wọ́n fi yà á gan-an ni kí ẹ tọ́jú, torí pé èyí tó gba orí WhatsApp kọjá ti sọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á nù. Bí ẹ bá rí èérún bọ́ǹbù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi nǹkan tí gbogbo èèyàn mọ bó ṣe tóbi tó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ yà á. Ẹ má jẹ́ kí èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bi ọmọdé kan náà léèrè ọ̀rọ̀, nítorí pé lọ́yà tó bá ń gbèjà ológun á to ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síra wọn, á sì fi ìyàtọ̀ inú wọn da ẹjọ́ náà nù. Orúkọ ẹlẹ́rìí, inú ìwé ọ̀tọ̀ ni kó wà. Kó má wọ ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́.

Ní ti ìwádìí ìjọba fúnra rẹ̀, ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kó jókòó máa dúró dè é. Òfin ọdún 2011 tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba wà. Ẹ kọ̀wé sí Iléeṣẹ́ Ètò Ààbò, kí ẹ béèrè ìwé àbájáde lórí Tudun Biri, ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí àwọn méjì náà lọ́rùn, àti ibi tí ẹjọ́ wọn dé. Wọ́n lè sọ pé ọ̀rọ̀ ààbò ni, òfin náà gbà wọ́n láyè láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ lè ní àǹfààní ará ìlú ju àṣírí náà lọ. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un. Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí wọn ò dá yín lóhùn, ọgbọ̀n ọjọ́ péré lẹ ní láti gbé wọn lọ sí kóòtù. Torí náà, ẹ wá lọ́yà yín sílẹ̀ kí ẹ tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́.